Ẹran Méjì, Orúkọ Kan

4.

…ni wọ́n kọ sára ìgò náà, ní bíìrò dúdú: ÒKÉWÙMÍ Bachirou, né vers 1948, Igboho.

Orúkọ bàbá Tinúọlá ni. Nǹkan bí ọdún 1948 ni wọ́n bí i, ní Ìgbòho.

Nínú ìgò náà, ẹran kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ ń léfòó nínú fọ́mọ́ọ̀lù, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran rà. Tinúọlá gbé ìgò lé tábìlì. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e padà. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò yìí. Òun ló ń gba ẹran lọ́wọ́ àwọn dókítà, òun ló ń rì í sínú ìda, òun ló ń fi ẹ̀rọ gé ìda náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ á fi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bíbi ìgò léèrè ọ̀rọ̀ kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ó bi í.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyí?"


5.

ÌWÉ ÌGBÀWỌLÉ, OṢÙ ẸRẸ́NÀ 2008

Nọ́ńbà: 0614
Orúkọ: Òkéwùmí Bachirou
Ibi tí wọ́n ti gé e: ọ̀fun, apá ọ̀tún
Ohun tí dókítà ń fura sí: ?

(Àmì ìbéèrè yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe Tinúọlá ló fi í síbẹ̀.)


6.

Adjamé, ìdí ìsọ̀ bàbá rẹ̀, láàárín àgádágodo àti ìdè ilẹ̀kùn.

TINÚỌLÁ: Bàbá, ẹ ya ẹnu yín.

BÀBÁ: Kí ló dé? Ṣé mo jẹ ẹran oníẹran ni?

TINÚỌLÁ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á.

BÀBÁ: Tinú, oníbàárà wà níwájú mi.

TINÚỌLÁ: Orúkọ yín wà lára ìgò níbi iṣẹ́ mi. Wọ́n gé ẹran lọ́fun yín.

BÀBÁ: (ó bú sẹ́rìn-ín) Háà! Ràímì nìyẹn. Ràímì ló lọ.

TINÚỌLÁ: Pẹ̀lú orúkọ yín?

BÀBÁ: Pẹ̀lú káàdì mi. Àwọn ológun ti fa tirẹ̀ ya ní báráàjì kan tí wọ́n fi dí ọ̀nà Yopougon. Ṣé kó wá dé ọsibítù, kí wọ́n ní "káàdì kọ́ńsúlà dà," kó na ọwọ́ òfìfo sí wọn?

TINÚỌLÁ: Fọ́tò tó wà lára káàdì ńkọ́?

RÀÍMÌ (ọ̀rẹ́ Bàbá, láti ìsọ̀ kejì, ohùn rẹ̀ há): Fọ́tò kẹ̀? Wọ́n rí àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ní Anango ni. Ọmọ Yorùbá lásán. Wọn kì í wo èyí tó kù.

BÀBÁ: Àbàjà tèmi sì dára ju tirẹ̀ lọ.

RÀÍMÌ: Irọ́ ńlá. Ẹni tó kọ ẹ́ nílà ń tòògbé. Gbogbo Ìgbòho ló mọ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tinúọlá náà rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó ra ọsàn fún àwọn méjèèjì.

Inú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, ló wà kó tó rántí pé òun ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí pé ọ̀fun ẹlòmíràn ni.


7.

Jẹjẹrẹ ni.


8.

Ìdí tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́:

Nítorí pé wọ́n ṣì ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ènìyàn nígboro, bí ojú ẹni bá ti ní ilà.

Nítorí pé bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá mú.

Nítorí pé wọ́n ti ń fún Ràímì ní abẹ́rẹ́, ó sì ń ràn án lọ́wọ́.

Nítorí pé láti 1999 tí ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn méjì péré ló kù nínú ilé ní Koumassi, òun àti bàbá rẹ̀.

Àwọn Sístà tó kọ́ ọ níwèé ti sọ fún un pé irọ́ kì í dúró níbi tí a bá gbé e sí. Ó rò pé èyí á dúró. Ìgò kan ṣoṣo ni.


9.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2009, ìgò kejì dé.

ÒKÉWÙMÍ Bachirou, né vers 1948, Igboho. Ìdí ahọ́n, apá òsì.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní Bàbá Mùkàrámà ti tún yá káàdì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe Ràímì, nítorí Mùkàrámà, àkọ́bí rẹ̀. Ó tọ́jú ìgò náà, ó gba àyè, ó wọ gbaka lọ sí Adjamé. Lójú ọ̀nà ló ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa fi fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jọ. Ó máa ní kí wọ́n kúkú pín orí náà sí méjì.

Bàbá rẹ̀ kò sí nídìí ìsọ̀.

Ràímì ló jókòó síbẹ̀, ó ń bá a ta àgádágodo. Ó rí i tó ń bọ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń ka kọ́kọ́rọ́ tí kò sẹ́ni tó ní kó kà.

TINÚỌLÁ: Bàbá mi dà?

RÀÍMÌ: Wọ́n ti gé ẹran lẹ́nu rẹ̀ lánàá. Ó ní kí n má sọ fún ẹ.


10.

ÌKÌLỌ̀
(lára ògiri yàrá àyẹ̀wò)

PẸ́ŃSÙ NÌKAN NI KÍ Ẹ FI KỌ NỌ́ŃBÀ SÁRA ÌDA.
OÒGÙN TÍ A FI Ń FỌ̀ Ọ́ MÁA Ń PA BÍÌRÒ RẸ́.


11.

Ní yàrá náà, ẹni kan, nọ́ńbà kan. Akọ̀wé wo orúkọ. Ó wo ọdún ìbí. Ó wo Igboho. Ó ní, "Ẹni àtijọ́ ni." Kò fún un ní nọ́ńbà tuntun. Ó kọ ọ́ báyìí: 0614 bis, ìyẹn ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Tinúọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ri ẹran náà sínú ìda. Òun ló kọ "bis" sára rẹ̀. Ohun ìkọ̀wé tó sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ jù ló mú.

Bíìrò ni.


12.

(Tinúọlá kò kọ nǹkan kan sínú ìwé àjákọ rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko.)


13.

Yàrá àyẹ̀wò, oṣù Agẹmọ, 2010. Dókítà Ahoua ni ọ̀gá ibẹ̀.

DÓKÍTÀ AHOUA: Tinú, àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè fẹ́ gbogbo ìda ọ̀fun àti ahọ́n tí a ní láti 2005. Bá mi kó wọn jọ.

TINÚỌLÁ: Kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe?

DÓKÍTÀ AHOUA: Wọ́n máa rẹ wọ́n láró. p16 ni orúkọ ohun tí àró náà ń wá. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹran náà á di àwọ̀ kọfí. Ìgbà náà la máa mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ló fa jẹjẹrẹ yẹn.

TINÚỌLÁ: Ṣé ìyẹn dára àbí kò dára?

DÓKÍTÀ AHOUA: Kò sí jẹjẹrẹ tó dára. Ṣùgbọ́n irú èyí máa ń gbọ́ràn sí ìtànṣán lẹ́nu. Ẹni tó ní in máa ń pẹ́ láyé ju èkejì lọ.

TINÚỌLÁ: Èyí tí kò bá gba àró ńkọ́?

DÓKÍTÀ AHOUA: Gíláàsì ojú mi dà?

TINÚỌLÁ: Ó wà lórí yín, Dókítà.

DÓKÍTÀ AHOUA: A kò ní ẹ̀rọ ìtànṣán tí ń jó jẹjẹrẹ níbí, ìwọ náà mọ̀. Wọ́n fún wa ní àyè mẹ́ta péré ní Akra, nílẹ̀ Gánà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá gba àró la máa fi ránṣẹ́. Ti èkejì… Ọlọ́run wà.


14.

LẸ́TÀ
(Tinúọlá ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, nínú ìwé àjákọ rẹ̀)

À ń kọ̀wé nípa nọ́ńbà 0614. Ìda méjì ló wà lábẹ́ nọ́ńbà yìí. Ó jọ pé wọ́n ti kọ nǹkan sára ọ̀kan rí, ṣùgbọ́n ó ti parẹ́. A pe ọ̀kan ní A, a pe èkejì ní B. Fọ́tò méjèèjì wà nínú àpòòwé.

Ìda A gba àró p16 gidigidi. Nínú ènìyàn mẹ́rin tí tiwọn rí báyìí, tí wọ́n sì rí ìtànṣán gbà, mẹ́ta ṣì máa ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ìda B kò gbà á. Nínú irú àwọn yìí, ìdajì ló máa ń kù. Nígbà mìíràn, kì í tó bẹ́ẹ̀.

A kò gbà pé ara ẹnì kan náà ni A àti B ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yẹ orúkọ náà wò.


15.

Àwọn gíláàsì àtijọ́ tí wọ́n lẹ ẹran mọ́ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, déètì wà lára wọn.

Ó gbé ti 2008 sábẹ́ míkíróskóòpù. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, dúdú, wọ́n ṣù pọ̀ bí ẹyin ẹja.

Ó gbé ti 2009 síbẹ̀. Òrùka nínú òrùka, pupa, bí àlùbọ́sà tí ènìyàn gé níbùú.

Ó wo fọ́tò A. Ẹyin ẹja.

Ó wo fọ́tò B.

Ó lọ jẹun ọ̀sán. Kò jẹ ẹ́. Ó padà wá, ó pààrọ̀ ipò àwọn gíláàsì náà, bóyá ojú òun ló ń tan òun. Ó tún un wò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi wá ti ilẹ̀kùn.


16.

Ìda A ni Ràímì. Ìda B ni Bàbá.


17.

DÓKÍTÀ AHOUA: Lẹ́tà yìí. Ẹnì kan ni àbí ẹni méjì?

TINÚỌLÁ: Ẹnì kan ni, Dókítà.

DÓKÍTÀ AHOUA: Ó dá ẹ lójú?

TINÚỌLÁ: Bàbá mi ni.

DÓKÍTÀ AHOUA: Bàbá ẹ! Tinú! O kò sì sọ fún mi láti ọjọ́ yìí? Pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́. Kí wá ni B?

TINÚỌLÁ: Ó lè jẹ́ ìda ẹlòmíràn ló ṣèèṣì bọ́ sí i.

DÓKÍTÀ AHOUA: A jẹ́ pé ìda A ni tiẹ̀.

TINÚỌLÁ:

DÓKÍTÀ AHOUA: Àyè kan ti di tiẹ̀ nìyẹn. Kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ fún mi kó tó di Friday. Kí o kọ apá tí wúwú náà wà síbẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa kọjú ẹ̀rọ sí.


18.

Koumassi, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti le bí igi. Ó ń fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé àjákọ kan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ràímì jókòó tì í, òun náà so ṣáàfù mọ́ ọrùn. Wúwú ọ̀fun rẹ̀ ti tún ń padà bọ̀.

Tinúọlá sọ gbogbo rẹ̀. Kò yọ ọ̀kan kúrò.

RÀÍMÌ: Àṣé tèmi ló sàn.

TINÚỌLÁ: Tiyín ló ń gbọ́ràn.

RÀÍMÌ: Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?

TINÚỌLÁ: Ti Bàbá.

RÀÍMÌ: O lè lọ sọ òótọ́ fún dókítà.

TINÚỌLÁ: Wọ́n máa yọ orúkọ náà. Àwọn tó ń dúró fún àyè yẹn pọ̀. Bàbá kò ní lọ, ẹ̀yin náà kò ní lọ.

BÀBÁ (ó kọ ọ́): KÍ RÀÍMÌ LỌ

RÀÍMÌ: Rárá o.

BÀBÁ: ẸRAN RẸ̀ NI WỌ́N Ń PÈ

RÀÍMÌ: Òkéwùmí, gbọ́ mi. Mo ti fi orúkọ ẹ gba abẹ́rẹ́. Mo fi gba bẹ́ẹ̀dì. N kò lè tún fi gba ẹ̀mí, kí n wá padà wálé, kí ọmọ ẹ máa kí mi ẹ káàárọ̀.

BÀBÁ: ÀBÀJÀ RẸ BURÚ. WỌN Ó DÁ Ọ PADÀ NÍ BỌ́DÀ

Ràímì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìwúkọ́ ló jáde.

BÀBÁ: MO MÁA SÌN Ọ́ DÉ BỌ́DÀ NÍ NOÉ. N Ó PADÀ LÁTI IBẸ̀

TINÚỌLÁ: Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá gbé bíìrò sókè. Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Kò kọ nǹkan kan.


19.

Nígbà tí wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, Tinúọlá ṣí ìwé àjákọ Bàbá. Ó rí ohun tí Bàbá kọ lójú ìwé kejì sí ìparí, lọ́jọ́ kan tí òun kò sí nílé:

Ẹ̀RÙ Ń BÀ MÍ


20.

FỌ́Ọ̀MÙ ÌFIRÁNṢẸ́

Orúkọ: Òkéwùmí Bachirou
Ọdún ìbí: né vers 1948
p16: ó gbà á
Apá: ò

(Ó ya á. Ó mú òmíràn.)

Orúkọ: Òkéwùmí Bachirou
Ọdún ìbí: né vers 1948
p16: ó gbà á
Apá:

(Ó gbé e sílẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án sí aago mọ́kànlá. Ó gé ìda mẹ́rìndínlógún láàárín wákàtí méjì yẹn, kò sì ba ọ̀kan jẹ́.)

Apá: ọ̀tún


21.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, 2011. Ìdìbò ti kọjá, ààrẹ méjì ló wà nílùú, ènìyàn kò sì mọ báráàjì tó jẹ́ ti ta. Àwọn baba méjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, jálábíà funfun, ṣáàfù lọ́rùn, ilà mẹ́ta lórí ilà mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí ènìyàn bá dúró lókèèrè, ìyá kan náà ló bí wọn.

Kassim ni awakọ̀, ọmọ Ṣakí. Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn tẹ́lẹ̀. Tinúọlá fún un ní nọ́ńbà rẹ̀, ó ní kó máa kọ ibi tí wọ́n bá dé ránṣẹ́.

Káàdì wà lọ́wọ́ Ràímì. Tinúọlá fi ojú ara rẹ̀ rí i tó fi í sí àpò àyà.

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dì í mú pẹ́ ju bí ẹni tó ń lọ sí Noé, tó ń padà bọ̀ lálẹ́, ṣe ń di ọwọ́ mú.


22.

09:20 Kassim: A ti kuro. Baraaji meta titi di Bassam

11:48 Kassim: Aboisso. Awon baba n sun

13:31 Kassim: Noe. Won ni ka so kale. Won n wo kaadi ni ookan ookan

15:02 Kassim: Okewumi ti koja. Ekeji n pada bo

15:03 Tinúọlá: Ekeji wo?

15:03 Tinúọlá: Egbon, ekeji wo? Ti orun re wu lapa otun abi lapa osi?

15:40 Tinúọlá: Kassim?

(Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Gánà, nọ́ńbà Kassim kò ṣiṣẹ́.)


23.

Ó po ògì, ó sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè gba ọ̀fun tó há kọjá. Ó bo abọ́ náà.

Wednesday, ó po òmíràn.

Thursday náà, bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń yìnbọn ní Abobo. Àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Bassam ń dín kù.


24.

Ọjọ́ Jímọ̀. Mọ́síùrá, ìyàwó Ràímì, wọlé. Ó ti wọ aṣọ ìrun.

MỌ́SÍÙRÁ: Tinú, ṣé wọ́n ti dé?

TINÚỌLÁ: Bàbá kò tíì dé, Ìyá Mùkàrámà. Ọ̀nà ló le.

MỌ́SÍÙRÁ: Bàbá wo?

TINÚỌLÁ: Bàbá mi. Òun ló ń padà bọ̀ láti Noé.

MỌ́SÍÙRÁ: Bàbá ẹ kọ́ ló ń lọ sí Akra ni? Bàbá Mùkàrámà sọ fún mi kó tó jáde. Ó ní òun ń sin ọ̀rẹ́ òun dé bọ́dà ni. Ó ní tó bá di Jímọ̀, ká dúró de òun ká tó jẹun.

TINÚỌLÁ: Kí ni ó tún sọ?

MỌ́SÍÙRÁ: Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Mo rò pé o mọ̀.

Ó jókòó sórí àga Bàbá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń padà bọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń retí rẹ̀.


25.

Ohun tí kò mọ̀:

Bóyá Ràímì ló fi káàdì náà lé Bàbá lọ́wọ́ nínú mọ́tò.

Bóyá Bàbá ló béèrè fún un.

Bóyá ó kọ ọ́ sílẹ̀, ní lẹ́tà ńláńlá, níbi tí ìbọn wà.

Bóyá ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan, tí ẹ̀ṣọ́ bọ́dà kàn wo ojú méjì, tó wo fọ́tò, tó sì na ìka.


26.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn kan náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìpè láti Akra. Nọ́ọ̀sì kan ni, ọmọ Togo, Faransé ló ń sọ. Mọ́síùrá jókòó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù.

NỌ́Ọ̀SÌ: Madame Tinúọlá? Ẹ̀yin lẹ kọ fọ́ọ̀mù Òkéwùmí Bachirou?

TINÚỌLÁ: Èmi ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó ti dé. Ó wà lórí tábìlì ẹ̀rọ báyìí. Ẹ má ṣèyọnu, kò le púpọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yín sọ pé apá ọ̀tún.

TINÚỌLÁ: Bẹ́ẹ̀ ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Wúwú tí mo fọwọ́ kàn, òsì ló wà.

MỌ́SÍÙRÁ: Ta ni? Ṣé wọ́n ti rí i?

NỌ́Ọ̀SÌ: A bi í léèrè, kò lè sọ̀rọ̀. A fún un ní ìwé, kò kọ nǹkan kan. Ó kàn ń sunkún, ó sì ń na ìka sí orúkọ rẹ̀.

TINÚỌLÁ: Ẹ jẹ́ kí n…

NỌ́Ọ̀SÌ: Madame, bí ẹ bá ṣì í kọ ni, ẹ sọ fún mi kí n tún un kọ, ká bẹ̀rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ nìyí, ẹ sọ fún mi, kí n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù ni mo máa tẹ̀ lé.

MỌ́SÍÙRÁ: Tinú, dá mi lóhùn. Ọkọ mi dà?

NỌ́Ọ̀SÌ: Madame? Ọ̀tún ni àbí òsì?

TINÚỌLÁ: